Fíìdì Adìẹ Tí Mò Ń Pò Fúnra Mi: Ohun Tí Mo Ti Rí Nínú Ẹ̀

Láti 2023 tí owó epo ti fò sókè tí gbogbo nǹkan sì tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ fíìdì ti sú ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a ní adìẹ mélòó kan lẹ́yìnkùlé. Àwọn kan ti kó tiwọn tà, àwọn kan ti pa á jẹ tán nígbà ọdún, àwọn tó kù ń da ẹ̀bà àná àti ìrẹsì tó ṣẹ́ kù fún wọn, wọ́n wá ń bínú pé adìẹ ò yé. Tèmi ṣì wà ńlẹ̀ o, wọ́n sì ń yé. Ìbàdàn níbí, apá Mọ́níyà, ni mò ń gbé, mo ní Isa Brown díẹ̀, ìyẹn adìẹ òyìnbó tí wọ́n ń sìn torí ẹyin, Noiler díẹ̀, tí wọ́n ń sìn torí ẹyin àti ẹran, àti adìẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri nínú ọgbà, èmi fúnra mi ni mo sì ń po èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń jẹ. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ti rí nínú ẹ̀ torí ìmọ̀ràn tó wà nígboro ti pọ̀ jù, ẹnì kan á ní móríńgà nìkan ti tó, ẹlòmíì á ní ìdin ni kẹ́ ẹ máa kó fún wọn, ẹlòmíì á ní èèpo pákí. Kò sí ìkankan nínú wọn tó dá tó, gbogbo wọn ló sì wúlò tẹ́ ẹ bá mọ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ fi wọ́n sí.

Ohun tó yé mi jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí: ebi kọ́ ni ìṣòro adìẹ ẹ̀yìnkùlé. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹ́ kù nílé wa, ẹ̀bà, àmàlà, ìrẹsì, èèpo iṣu, búrẹ́dì, gbogbo ẹ̀ ló ń yóni, adìẹ á jẹ ẹ́ á yó bámúbámú. Ṣùgbọ́n ẹyin kì í ṣe ẹ̀bà. Prótíìnì ló wà nínú ẹyin, kálísíọ̀mù ló wà lára èèpo ẹ̀, èèpo ẹyin kan ṣoṣo ní tó gíráàmù 2 kálísíọ̀mù nínú. Adìẹ tó ń yé máa ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 110 sí 120 lóòjọ́, ó sì yẹ kí prótíìnì inú oúnjẹ yẹn tó 16 tàbí 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Àgbàdo lásán ò ju 8 tàbí 9 lọ, ti gàrí ò tiẹ̀ tó 3. Tẹ́ ẹ bá wá fi ẹ̀bà kún un lọ́fun, kò ní í ráàyè jẹ èyí tó máa fi yé ẹyin mọ́, ara ẹ̀ àti egungun ẹ̀ láá kọ́kọ́ máa fi ṣe é, tó bá ṣe é títí tí ò ṣeé ṣe mọ́ á dáwọ́ dúró, ẹ ó wá máa ní adìẹ yìí ti ya òdá.

Àwọn àgbà á wá sọ pé ṣebí àgbàdo lásán ni wọ́n ń fọ́n sílẹ̀ fún adìẹ láyé àtijọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ adìẹ ayé àtijọ́ kì í gbélé. Ó máa ń fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ó ń jẹ ikán, ó ń jẹ ekòló, ó ń lé tata, ó ń já ewé jẹ, ẹran ló ń jẹ kiri yẹn, àgbàdo tí wọ́n ń fọ́n sílẹ̀ kàn jẹ́ àfikún lásán ni. Bákan náà, ẹyin tó ń yé ò pọ̀, á yé díẹ̀ á sàba, á tọ́ ọmọ. Isa Brown tó ń yé lójoojúmọ́ tá a wá tì mọ́nú ilé wáyà, àwa la máa bá a wá ikán àti tata yẹn. Gbogbo nǹkan yòókù tí mo bá sọ, orí ìyẹn ló dá lé.

Sóyà ni mo fi ń ṣe ìpìlẹ̀. Ó wà lọ́jà, ẹni tó bá ń ta àgbàdo àti ẹ̀wà máa ń ní in. Ṣùgbọ́n ẹ má fún adìẹ ní sóyà tí wọn ò tíì fi iná kàn o, ẹ má ṣe dán an wò rárá. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí inú adìẹ lè lo prótíìnì, wọ́n á máa jẹ wọ́n ò ní tóbi, ìgbẹ́ wọn á máa ṣàn, owó ti wọgbó nìyẹn. Iná ló ń pa nǹkan náà. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi ni pé mo máa ń ṣa òkúta kúrò, màá gbé ìkòkò irin ńlá kaná, màá da yanrìn tó mọ́ sí i bí àwọn elẹ́pà ṣe ń ṣe, tí yanrìn bá ti gbóná dáadáa màá da sóyà sí i, màá máa rò ó lọ láìdáwọ́ dúró. Níbẹ̀rẹ̀, òórùn ẹ̀wà tútù láá máa gbọ́n jáde, ó máa ń dà bí òórùn ewéko. Tó bá yá òórùn yẹn á yí padà, á wá máa ta sánsán bí ẹ̀pà yíyan, èèpo ara ẹ̀ á máa là tatata. Nígbà yẹn ni mo máa ń mú ẹyọ kan, màá jẹ́ kó tutù díẹ̀, màá gé e jẹ. Tó bá ṣì ń rọ̀ tàbí tó ṣì ní adùn ẹ̀wà tútù lẹ́nu, kò tíì jinná. Tó bá run wọ̀mù, tí inú ẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ti tó, ẹ yára sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kẹ́ ẹ sì kù ú kúrò nínú yanrìn, torí tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú yanrìn gbígbóná, á ṣì máa jinná lọ. Èyí tó bá ti dúdú ti jóná, agbára ẹ̀ ti lọ. Ẹni tí ò bá lè yan án lè sè é, kó hó fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó wá sá a kó gbẹ kó tó lọ̀ ọ́. Sísè rọrùn lóòótọ́, àmọ́ nígbà òjò gbígbẹ ẹ̀ máa ń fòòró èèyàn, ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn yíyan.

Kúlíkúlí náà dáa, prótíìnì pọ̀ nínú ẹ̀, mo máa ń fi kún un, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ̀pà àti àgbàdo ni àwọn nǹkan tó máa ń tètè bu jù tí wọn ò bá gbẹ dénú, májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin sì wà nínú èyí tó bá bu, ẹ̀dọ̀ adìẹ ló máa ń bà jẹ́. Kò ní òórùn, kò ní adùn, sísè ò sì ń lé e lọ. Èyí máa ń dùn mí gan-an torí ó ti mọ́ wa lára pé ohun tí èèyàn ò bá lè jẹ mọ́ ká dà á fún adìẹ, àgbàdo tó bá ti bu, "ẹ gbé e fádìẹ." Àwa náà la ṣì máa jẹ adìẹ yẹn o. IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nítòsí wa níbí, wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe, táwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sóko àgbàdo àti ẹ̀pà kí májèlé yìí má bàa ráàyè, ìyẹn nìkan ti tó fún yín láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Tí mo bá ti rí àwọ̀ ewé tàbí dúdú lórí àgbàdo, tàbí tí mo gbọ́ òórùn ilẹ̀ tútù nínú àpò, mi ò rà á, kódà tí wọ́n bá fẹ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó wá ń mú kí owó dínkù jù ni àwọn nǹkan tí àwọn èèyàn ń dànù. Màmá kan wà tó ń sẹ́ ògì ládùúgbò wa, mo máa ń rí òkìtì èérí ògì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń sẹ́ ẹ sí. Lọ́jọ́ kan mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ máa ń fi èérí yìí ṣe?" Wọ́n ní, "Ewúrẹ́ kan báyìí ló máa ń wá jẹ ẹ́, èyí tó bá kù mo máa ń dà á sí ẹ̀yìn ilé ni. Ṣé o fẹ́ ẹ ni, ọmọ mi?" Mo ní adìẹ ni mo fẹ́ fún. Wọ́n ní, "Gbé ike ẹ wá láàárọ̀, má jẹ̀ẹ́ kó dalẹ́ o, tó bá dalẹ́ á ti máa kan." Òótọ́ ni wọ́n sọ, èérí ògì tí wọn ò bá sá lọ́jọ́ tí wọ́n sẹ́ ẹ máa ń kan burúkú. Mo máa ń tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí páànù, tí oòrùn bá mú á gbẹ kílẹ̀ tó ṣú, màá wá kó o sápò. Ó ní prótíìnì díẹ̀, èèpo àgbàdo ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, mo fi ń dípò wheat offal, ìyẹn èèpo wíìtì, nínú àpòpọ̀ mi. Mi ò sanwó fún wọn, ẹyin ni mo máa ń mú lọ fún wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, inú wọn máa ń dùn. Ẹni tó bá ń ta wàrà sóyà ládùúgbò yín náà, ẹ bá a sọ̀rọ̀, èérí sóyà dáa ju ti ògì lọ fíìfíì, tí wọ́n bá ṣáà ti sè é.

Ti èèpo pákí, ẹ ní sùúrù pẹ̀lú ẹ̀. Májèlé tó ń jẹ́ sáyánáìdì pọ̀ nínú èèpo ju inú pákí lọ, adìẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ ní tútù. Àwọn ará ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, ILRI, tí wọ́n wà nínú ọgbà IITA, ti fi han àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń rin èèpo bí ìgbà tí wọ́n ń rin gàrí, wọ́n á fún omi ẹ̀ jáde, wọ́n á kù ú, wọ́n á wá sá a, oòrùn wákàtí 6 sí 8 á ti gbẹ ẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ 2 sí 3 ni èèpo lódindi máa ń gbà, tó sì ti máa ń bu kó tó gbẹ. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ló máa ń di tọ́ọ̀nù 1 tó bá gbẹ. Tí ibi tí wọ́n ti ń rin gàrí bá wà nítòsí yín, ẹ ti ní ẹ̀rọ nìyẹn. Àmọ́ kẹ́ ẹ rántí pé agbára lásán ló wà nínú èèpo pákí, prótíìnì ẹ̀ kéré sí ti àgbàdo, tẹ́ ẹ bá fi dípò àgbàdo díẹ̀, ẹ fi sóyà kún un. Èmi kì í jẹ́ kó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ibi tí àgbàdo yẹ kó wà lọ.

Ó yá, ìdin. Mo mọ̀ pé ara àwọn kan á bù máṣọ, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ti gbìyànjú, kò sí èyí tí adìẹ fẹ́ràn tó o. Ìdin eṣinṣin ilé kọ́ ni mò ń sọ o. Èyí tí mò ń sọ ni ti BSF, ìyẹn black soldier fly, ó jẹ́ eṣinṣin kan tó dúdú, tó gùn díẹ̀, ó jọ agbọ́n, kì í ta èèyàn, kì í wọlé wá bà lé ọbẹ̀, tó bá ti dàgbà kì í tiẹ̀ wá oúnjẹ kiri mọ́, kó ṣáà gùn kó yé kó kú ni tiẹ̀. Ó ti wà ládùúgbò yín, ẹ ò kàn kíyè sí i ni. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó ti gbó ni mò ń lò, mo lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí ẹ̀ kí omi lè máa jò, mo kó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, máńgòrò tó ti rà, èérí ògì tó ti kan, ìbẹ́pẹ, mo dé e dé ìdajì, mo gbé e síbi tí oòrùn ò ti ní í pa á. Ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ, níbi tó gbẹ, ni eṣinṣin yìí máa ń yé sí, kì í yé sínú oúnjẹ gan-an, ìyẹn ni mo ṣe máa ń lẹ páálí oníhò wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì lókè. Ẹyin á pa láàárín bí ọjọ́ 4, ìdin á máa jẹun fún bí ọ̀sẹ̀ 2, ẹ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe wùrùwùrù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá fi etí sí i.

Ibi tó wù mi jù nìyí. Tí ìdin yìí bá ti jẹun tó, ara ẹ̀ á dúdú, á le, kò ní í fẹ́ ibi tútù mọ́, á máa wá ibi gbígbẹ tó ṣókùnkùn tó máa sá pamọ́ sí. Mo gbé pákó kan dá gẹ̀rẹ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kó yọ síta, mo gbé abọ́ tó ní ìyẹ̀fun pákó sábẹ́ ẹnu ẹ̀, lóru wọ́n á máa gun pákó yẹn fúnra wọn, wọ́n á máa já bọ́ sínú abọ́ níkọ̀ọ̀kan. Tó bá di àárọ̀ màá kàn gbé abọ́ ni. Àwọn adìẹ ti mọ abọ́ yẹn, tí wọ́n bá ti rí i lọ́wọ́ mi wọ́n á sáré wá sí ẹnu wáyà, èyí tó ń sàba gan-an á dìde. Tí ìdin yìí bá gbẹ, prótíìnì ẹ̀ tó nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀rá ẹ̀ náà tó bí 30, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pọ̀ jù, adìẹ tó bá sanra jù kì í yé dáadáa. Ẹ̀kúnwọ́ kan fún adìẹ bíi mẹ́fà ni mo máa ń fọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ìdin, òkú ẹran ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ẹnì kan ládùúgbò wa kó òkú adìẹ sínú ike kí ìdin lè tètè pọ̀, ó pọ̀ lóòótọ́, ó kó o fún adìẹ ẹ̀, kò pẹ́ ni ọrùn wọn rọ tí wọn ò lè gbé orí sókè mọ́, apá wọn náà wó sílẹ̀, wọ́n kú. Àìsàn tó ń jẹ́ botulism nìyẹn, májèlé tó wà nínú òkú ẹran máa ń wọ inú ìdin, nǹkan kan kì í ṣe ìdin fúnra ẹ̀, adìẹ tó jẹ ẹ́ ló máa kú. Èso àti ẹ̀fọ́ àti èérí ni kẹ́ ẹ lò, ó ti tó. Tó bá sì jẹ́ ìdin eṣinṣin ilé ni tiyín, ẹ da omi gbígbóná lé e lórí kẹ́ ẹ sá a kẹ́ ẹ tó fún wọn.

Ikán náà wà. Àwọn òròmọdìẹ ìbílẹ̀ tí ìyá wọn ń kó kiri ni mo máa ń wá a fún, torí ẹnu wọn ò tíì lè gbé ìdin ńlá. Ẹ wá ìkòkò amọ̀ tó ti là tàbí igbá, ẹ kó ṣùkù àgbàdo, koríko gbígbẹ àti bótò màlúù díẹ̀ sínú ẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ dojú ẹ̀ dé ibi tí ikán ti ń jáde, ẹ fi àpò bò ó kí oòrùn má mú un gbẹ. Tó bá di àárọ̀ kùtùkùtù kí ilẹ̀ tó gbóná, ẹ ṣí i, ẹ gbọ̀n ọ́n sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọ adìẹ. Ẹ má lọ gbẹ́ òkìtì ọ̀gán fọ́ o, tẹ́ ẹ bá ba ilé wọn jẹ́ ẹ ò ní rí i lọ́la. Ẹ sì má wá ikán níbi tí wọ́n ti fín oògùn sí.

Ewé. Mo fẹ́ràn móríńgà, mo gbìn ín sẹ́yìn ilé, mo máa ń sá ewé ẹ̀ níbòòji kó má bàa funfun, màá wá gún un. Tó bá gbẹ prótíìnì ẹ̀ tó 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn làwọn èèyàn ń gbọ́ tí wọ́n fi ń sọ pé ó tó dípò sóyà. Wọ́n gbàgbé pé omi ló pọ̀ jù nínú ewé tútù, igbá kan tí ẹ bá já á di ẹ̀kúnwọ́ kan tó bá gbẹ, mélòó lẹ fẹ́ já lójúmọ́? Iṣẹ́ tí ewé ń ṣe gan-an ni fítámì àti àwọ̀. Àwọ̀ pupa ẹyin, inú oúnjẹ ló ti ń wá, ó wà nínú àgbàdo pupa, ó wà nínú ewé, kò sí nínú àgbàdo funfun, kò sí nínú pákí. Ìdí nìyẹn tí ẹyin fi máa ń funfun lójú tẹ́ ẹ bá fi èèpo pákí kún oúnjẹ. Mo máa ń so tẹ̀tẹ̀, ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀, ewúro tàbí ewé móríńgà ní ìdì kan mọ́ wáyà níbi tí wọ́n máa ní láti nà kí wọ́n tó já a, wọ́n á máa já a jẹ lọ́jọ́ gbogbo, ó tún máa ń jẹ́ kí wọ́n dẹ́kun ṣíṣá ìyẹ́ ara wọn. Tẹ́ ẹ bá ń fún wọn ní ewé tí ẹ sì tì wọ́n mọ́lé, ẹ wá òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún wọn, òkúta yẹn ni iwe wọn fi ń lọ nǹkan.

Ti èèpo ẹyin, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí èèyàn lè ṣe gbogbo yòókù kó sì pàdánù síbí. Tí ẹyin yín bá ń fọ́ lọ́wọ́, tí èèpo ẹ̀ fẹ́lẹ́, kálísíọ̀mù ni ò tó. Èmi ń lo ìkarahun òkun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù fíìdì, mo sì ń lo ìkarahun ìgbín tí mo máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìgbín, màá fọ̀ ọ́, màá gbé e síná díẹ̀ kó gbẹ kí òórùn ẹ̀ kúrò, màá wá gún un, àmọ́ mi ò kì í gún un kúnná. Èèpo ẹyin tiwọn náà dáa, ẹ yan án kẹ́ ẹ sì rún un kó má jọ ẹyin mọ́, kí wọ́n má bàa kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹyin. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni àsìkò. Ara adìẹ máa ń lo bíi wákàtí 20 láti fi ṣe èèpo ẹyin kan, òru ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, nígbà tí kò jẹun. Tí ìkarahun tó rún wẹ́wẹ́ bá wà nínú iwe ẹ̀ lóru, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, á rí nǹkan lò. Tí kò bá sí, egungun ẹ̀ láá máa fà. Nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń gbé abọ́ ìkarahun kalẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú fíìdì, èyí tó bá nílò ẹ̀ á lọ jẹ ẹ́ fúnra ẹ̀, àkùkọ kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn. Ẹ má gbé e sọ́dọ̀ òròmọdìẹ o, kálísíọ̀mù tó pọ̀ máa ń ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Bí mo ṣe ń po kílò 10 fún àwọn tó ń yé nìyí: àgbàdo kílò 4.5, sóyà yíyan kílò 2, èérí ògì gbígbẹ tàbí wheat offal kílò 1.2, kúlíkúlí gíráàmù 800, èérí ekùrọ́ tí wọ́n ti fún àdín ẹ̀ kúrò, ìyẹn PKC, gíráàmù 400, ìkarahun gíráàmù 800, eegun tí wọ́n sun tí wọ́n lọ̀ gíráàmù 250, iyọ̀ gíráàmù 30, premix ti adìẹ tó ń yé, ìyẹn àpòpọ̀ fítámì àti míníráàlì, gíráàmù 25, àti methionine, ọ̀kan lára àwọn ohun tó para pọ̀ di prótíìnì, gíráàmù 10. Prótíìnì ẹ̀ á tó 17. Ìdin àti ewé ò sí nínú ìṣirò yìí, àfikún ni wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ po àwọn kékeré bí iyọ̀ àti premix mọ́ àgbàdo lílọ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dà á sínú ńlá, kó lè kárí. Premix àti methionine yẹn ni mo ṣì ń rà, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fò ó, owó ẹ̀ kéré, ohun tó ń ṣe pọ̀, sóyà àti àgbàdo ò ní methionine tó.

Iyọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Adìẹ kì í lè gba iyọ̀ púpọ̀, ọbẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ẹja gbígbẹ oníyọ̀, indomie pẹ̀lú Maggi ẹ̀, ó lè pa wọ́n. Èèpo píà àti kóró ẹ̀ náà kò dáa fún wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wà tí wọn ò sè.

Òròmọdìẹ tẹ́ ẹ rà ní hátṣẹ́rì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń pa ẹyin, ẹ ra stáátà, fíìdì òròmọdìẹ, fún wọn ní ọ̀sẹ̀ 8 àkọ́kọ́, ẹ má fi wọ́n dán nǹkan wò, prótíìnì tí wọ́n nílò tó nǹkan bíi 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbà yẹn ni ara wọn ń kọ́. Bákan náà ni bróílà, adìẹ tí wọ́n ń sìn torí ẹran, mi ò po oúnjẹ wọn nílé rárá, kò mérè wá. Ẹ sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn. Nígbà ọyẹ́ tí lùkúlùkú, àrùn tí wọ́n ń pè ní Newcastle, bá dé, á máa pa adìẹ àdúgbò, àwọn èèyàn á máa ní fíìdì tí mo pò ló pa á, ewúro tàbí ìdin kò lè dá lùkúlùkú dúró, fíìdì tó dára jù lágbàáyé ò lè dá a dúró, àjẹsára tó ń jẹ́ Lasota ló ń dá a dúró.

Ohun kan tún wà tí mo bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́ yìí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo máa ń rẹ fíìdì àárọ̀ wọn sómi bí ìgbà tí wọ́n rẹ àgbàdo ògì, ọjọ́ 2 tàbí 3 nínú ike tó ní ìdérí, omi á bo orí ẹ̀ díẹ̀. Á kan bí omidùn, òórùn ẹ̀ á dáa. Wọ́n kì í fọ́n èyí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fọ́n èyí tó gbẹ, torí náà oúnjẹ tó ń ṣòfò ti dínkù gan-an. Tó bá ń rùn bí ohun tó jẹrà, tàbí tí ẹ rí i pé ó ti bu lójú, ẹ dà á nù, ẹ fọ ike yẹn pẹ̀lú omi gbígbóná. Ẹ má fi èyí tí wọn ò jẹ tán sílẹ̀ nínú abọ́ dọ̀sán.

Ẹ má pò ju èyí tí wọ́n máa jẹ ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lọ. Sóyà yíyan tí wọ́n ti lọ̀ ní ọ̀rá, ọ̀rá yẹn máa ń kan tó bá pẹ́, àgbàdo tí wọ́n ti lọ̀ náà máa ń tètè bu ju odindi lọ. Àpò fíìdì tèmi wà lórí pákó, kò kan ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, kò kan ògiri, nígbà òjò mo máa ń kó o sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí nítorí eku. Tí mo bá fẹ́ pò tuntun, màá gbọn ìdí dúrọ́ọ̀mù yẹn nù pátápátá, màá nù ún gbẹ, kí àjẹkù àtijọ́ má bàa ran tuntun.